Líìsì Mustang Parí ní Houston, Ìpàdé Bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Mọ́tò náà kò tíì fojú kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú rí. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ló wà: Ford Mustang GT ọdún 2022, túù-dọ́ọ̀ aláwọ̀ aró, ẹ́ńjìnnì V8 lítà 5.0. Ṣùgbọ́n pálọ̀ Alhaja lẹ́yìn ọjà Òkè Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde la ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀ Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Alhaja ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọ wọn, àbúrò mi, ló ni wàhálà. Torí pé ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí.

Ìwé ti dé bá a láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó yá a ní mọ́tò pé líìsì ọdún mẹ́ta rẹ̀ máa parí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Kó yan èyí tó bá wù ú: kó dá mọ́tò padà, kó san iye tó kù kó sọ ọ́ di tirẹ̀, tàbí kó dá a padà kó gba tuntun. Àbúrò mi kò fẹ́ fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ rárá. Ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ ti di méjì. Alhaja ní tiwọn, Ojúde Ọba ni wọ́n ń rò: kí Mustang wá sílé, kí ọmọ àwọn fi wọ ìlú lọ́dún tó ń bọ̀, kí ojú ti ẹni tó ní kò ní rí iṣẹ́ gidi ṣe lókè òkun.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Alhaja bi mí ló fi hàn mí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń sanwó. Èwo ni pé kó tún ra mọ́tò tó ti ń gùn?"

Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Háyà pọ́ṣẹ́ẹ̀sì la mọ̀ nílé wa. Olówó á ra kẹ̀kẹ́ Màrúwá, á gbé e fún ọmọkùnrin kan, ọmọ náà á máa dá owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pé, ìwé kẹ̀kẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó di ọ̀gá ara rẹ̀. Alhaja fúnra wọn ti yọ̀ǹda kẹ̀kẹ́ méjì lọ́nà bẹ́ẹ̀. Líìsì kò jọ ọ́. Iye tí mọ́tò fi gbó lọ́wọ́ ẹ lò ń san, pẹ̀lú èlé lórí owó tí ilé-iṣẹ́ fi rà á. Mọ́tò fúnra rẹ̀, tiwọn ni láti ọjọ́ tó o ti gba kọ́kọ́rọ́.

Mo ní kí àbúrò mi ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé àgírímẹ́ǹtì náà, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó yà á tán, ó wà ní gbọọrọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ojú ìwé kejì ni mo dúró lé. Iye mọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 45,000 dọ́là. Ó ná an dé 43,500. Wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mọ́tò yìí á ṣì tó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn 24,750 dọ́là. Gbígbó tó máa san nìyẹn: 18,750. Pín in sí oṣù 36, ó jẹ́ 521 dọ́là lóṣù kan. Ti èlé ló máa ń ru àwọn èèyàn lójú. Wọ́n ro 43,500 pọ̀ mọ́ 24,750, wọ́n fi nọ́ńbà bíńtín kan sọ ọ́ di ìlọ́po, 0.00150, ó jẹ́ 102 dọ́là. Nọ́ńbà bíńtín yẹn kò jọ nǹkan kan lójú, ṣùgbọ́n bí o bá fi 2,400 sọ ọ́ di ìlọ́po, èlé ọdún á jáde síta: 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba líìsì kó ṣe ìṣirò kékeré yìí kó tó mú bírò.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 623 dọ́là lóṣù. Fún ọdún mẹ́ta, 22,428. Alhaja ní kí n sọ ọ́ ní náírà. Mo fi 1,500 ṣírò dọ́là kan, ó lé ní mílíọ̀nù 33. Wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá mọ Alhaja á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Mo sọ fún wọn pé owó tó ti lọ ti lọ, 24,750 yẹn ni ká tẹjú mọ́. Lọ́dún 2022 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ń méfò ni. Bí ọjà bá sọ lónìí pé mọ́tò náà kò tó bẹ́ẹ̀, àdánù ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Kí àbúrò mi dá kọ́kọ́rọ́ padà kó máa lọ. Bí ọjà bá sọ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè tó wà láàárín, tirẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí àgírímẹ́ǹtì ti fún un láṣẹ láti rà á ní iye yẹn. Àmọ́ èrè yẹn kì í wá bá èèyàn nílé. Ẹni tó bá kàn gbé mọ́tò lọ fún wọn, tó fọwọ́ sí ìwé, tó gba tuntun, ó ti fi í sílẹ̀ fún wọn nìyẹn. Ní 2021 àti 2022, nígbà tí ṣíìpù tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò wọ́n gógó tí tòkunbọ̀ sì gbówó lórí ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló jèrè báyìí, títí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi yí òfin wọn padà pé ẹlòmíì kò gbọdọ̀ wá ra mọ́tò náà lọ́wọ́ wọn tààrà.

Kí a tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, mo fẹ́ fojú ara mi rí mọ́tò náà. Àbúrò mi jáde síta pẹ̀lú fóònù, ó ṣí fídíò. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó kọ́kọ́ fi dáṣíbọ́ọ̀dù hàn wá: máìlì 37,600. Àdéhùn jẹ́ 10,000 lọ́dún, 30,000 lápapọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìn sí Katy, ìlú ẹ̀gbẹ́ Houston tó ń gbé, máìlì sì ń lọ. Bó bá fi máa di ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, a fojú bù ú sí 38,400. Máìlì kọ̀ọ̀kan tó bá lé, 20 sẹ́ǹtì. 1,680 dọ́là nìyẹn.

Mo ní kó yọ owó ẹyọ 25 sẹ́ǹtì kan, kó dorí Washington, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náà, kodò, kó kì í bọ inú kòtò táyà ẹ̀yìn. Bí ara táyà bá ṣì bo ṣóńṣó orí Washington díẹ̀, ó ṣì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, èyí tí àgírímẹ́ǹtì béèrè. Ti ọ̀tún, irun bàbá náà nìkan ló yọ. Ti òsì, gbogbo orí rẹ̀ ló wà níta, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Àwọn ọmọ tó kún pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni Mustang ti ń gba agbára, agbára ẹṣin 450 sì ni ti ọdún yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo iná pupa kí táyà ẹ̀yìn má jẹ. Ríìmù iwájú kan tún ti fara gbá òkúta ẹ̀gbẹ́ títì. Táyà méjì, 480. Ríìmù, 150. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá dá mọ́tò padà, 395. Bí àbúrò mi bá kàn dá a padà, yóò san 2,705 dọ́là kí ó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Gbogbo èyí, máìlì, táyà, ríìmù, kò sí èyí tí wọ́n máa béèrè bí ó bá ra mọ́tò náà. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpàdé yẹn torí mo rí i pé wọn kò gbọ́ ọ.

Ó wá kan ti Alhaja. Mo pe ejẹ́ǹtì kan tó ń kó mọ́tò jáde ní wáàfù, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, mo fi sórí sípíkà kí gbogbo ilé gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń kó mọ́tò líìsì gba orí omi: àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà á béèrè ojúlówó ìwé onímọ́tò, ó kéré tán wákàtí 72 kó tó wọkọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló sì wà nínú ìwé yìí. Kó kọ́kọ́ rà á. Ìjọba Texas á sì gba owó-orí 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 24,750 náà; ó di 26,297. Owó ọkọ̀ ojú omi láti Galveston, 1,700 bó ṣe pè é. Tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can ní Èkó, owó bodè 20 nínú ọgọ́rùn-ún, léfì 15 fún tòkunbọ̀, VAT 7.5 lé e lórí, àti àwọn wẹ́wẹ̀wẹ́ mìíràn. Mo bi í bóyá iye tí a fi rà á ni wọ́n máa wò. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà ṣaasí ni wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Iye tí kọ̀ǹpútà bá pè ni ẹ ó san lé lórí." Ó ní ká má fi ọkàn sí ohun tó dín ní mílíọ̀nù 17 náírà.

Mo ro ó pọ̀ lójú wọn: ó súnmọ́ mílíọ̀nù 59. Mọ́tò tí ọmọ wọn á gùn fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, tí á wà lábẹ́ tápólì ní ọ̀sẹ̀ 50 tó kù. Táǹkì rẹ̀ gba nǹkan bí lítà 60, epo sì súnmọ́ 900 náírà lítà kan nígbà náà. Ọ̀nà Ẹ́pẹ́ tí wọ́n tún ṣe kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n bó bá ti yà kúrò níbẹ̀ wọ àdúgbò, bọ́ńpà iwájú yẹn á máa gbẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó sì kún fún pááàtì Toyota. Ti V8 yìí, wọn á ní kó o dúró dè é.

Àbúrò Alhaja ọkùnrin, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló wá sọ èyí tó wọlé. Ó ní, "Ojúde Ọba 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba gba ayé kan, ẹṣin ló wà lórí ẹ̀. Ta ló béèrè mọ́tò tó gbé e dé Ìjẹ̀bú?"

Alhaja kò dá a lóhùn. Mi ò sì rò pé wọ́n ń ṣe àṣerégèé. Ọmọ tó lọ látọdún 2011, tó wálé lẹ́ẹ̀kan péré, ìyá rẹ̀ á fẹ́ kó padà wọlé kí gbogbo régberégbe yíjú wò ó. Ìyẹn kò burú. Mílíọ̀nù 59 ló burú, nígbà tí owó bàálù ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀.

Gbígba Mustang tuntun kò gbà wá lákòókò. Ti 2025 ní agbára ẹṣin 480, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n èlé ti gòkè ní Amẹ́ríkà láti 2022. Nọ́ńbà bíńtín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti di 0.00300, ìlọ́po méjì. Èlé oṣù tó jẹ́ 102 di 230. Iye tí wọ́n pè lápapọ̀ jẹ́ 882 dọ́là lóṣù. Wọ́n ní àwọn á fi 395 yẹn jì í bó bá gbà. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni láàárín kó máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ àti kó tà á. Àbúrò mi ní àwíjàre, kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn lásán. Dodge ti dá Challenger oní V8 dúró ní ìparí 2023, Chevrolet náà kó Camaro kúrò nílẹ̀ ní àkókò kan náà. Túù-dọ́ọ̀ V8 tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ kò pa èèyàn, kò kù ju Mustang lọ. Bó bá yá 26,297 ní báǹkì fún ọdún márùn-ún ní èlé 7.5, yóò máa san 527 lóṣù, ó kéré sí 623 tó ń san tẹ́lẹ̀, mọ́tò á sì di tirẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ká ní kò tíì bímọ ni, èmi gan-an á ní kó rà á. Ohun tí mo kàn fi kún un ni pé wáráńtì gbogbogbò rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí máìlì 36,000, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Máìlì ti dé ná. Ti ẹ́ńjìnnì àti jíà nìkan ló kù, títí di ọdún márùn-ún tàbí máìlì 60,000.

Ìyàwó rẹ̀ ti dákẹ́ títí. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nínú fídíò. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Síìtì ọmọ ọwọ́ kò wọ ẹ̀yìn mọ́tò yẹn àfi tí mo bá ti síìtì iwájú títí orúnkún mi fi kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí Corolla bá wà lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́, bàbá wọn kò lè gbé àwọn ọmọ méjèèjì jáde. Ọmọ ń ṣàìsàn lóṣù tó kọjá, a ní láti pe táksì." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àbúrò mi yí fóònù sápá kan.

A wá lọ wo ọjà. Ó gbé mọ́tò náà lọ fún àwọn méjì kí wọ́n dá iye lé e. Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà pe 28,500. Ṣọ́ọ̀bù Ford kan nítòsí wọn pe 27,900. Ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ gba ti àkọ́kọ́, ta ni kò ní fẹ́? Mo ní kó padà sí àgírímẹ́ǹtì. Ó wà níbẹ̀, lẹ́tà kékeré: ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú mọ́tò yìí nìkan ni ilé-iṣẹ́ gbà kó ra mọ́tò tààrà lọ́wọ́ wọn. Bó bá fẹ́ tà á fún àwọn ti 28,500, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà á, kó san owó-orí Texas, kó dúró de ìwé tuntun. 28,500 yọ 26,297, ó ku 2,203, kí wọ́n tó yọ owó ìwé. Ṣọ́ọ̀bù Ford ní tirẹ̀, torí pé títà ló fẹ́ tún tà á, kò san owó-orí yẹn, àbúrò mi náà kò sì san án. 27,900 yọ 24,750: 3,150 dọ́là. Iye tó kéré lẹ́nu ló pọ̀ lápò, ó fi 947 jù ú lọ.

Ohun kan ló kù tí mo ní kó béèrè kí ó tó yọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ líìsì kan a máa pe iye kan fún ẹni tó ń lo mọ́tò, wọn a sì pe èyí tó ga jù ú lọ fún ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó gba iye ti ṣọ́ọ̀bù lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fà á, lẹ́tà dé, 24,750 náà ni.

Tí a bá fi èyí wé kó kàn dá mọ́tò padà, níbi tí 2,705 ti máa jáde lápò rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,855 dọ́là. Mọ́tò kan náà, ọjọ́ kan náà, kọ́kọ́rọ́ kan náà tí a gbé sórí tábìlì ẹlòmíì.

Ó bá mi sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ tó fẹ́ gbé e lọ. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́, òun ti wà á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ sí Galveston àti bọ̀, kí òun má purọ́ fún mi. Mo bi í bó ti rántí máìlì tó ń lé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọn ò ní béèrè mọ́." Mi ò rí èsì fún un.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ni wọ́n parí gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi 3,150 náà sílẹ̀ lórí Toyota Highlander kan tó ti lo ọdún mẹ́rin, ìjókòó ìlà mẹ́ta, owó báǹkì ló fi san ìyókù. Àbúrò mi fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìdílé, àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́yìn, àyè pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè kún lọ.

Alhaja wo fọ́tò náà títí. Wọ́n fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, wọ́n wo táyà, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Èyí ga sókè," ni wọ́n wí. "Kò ní fìdí kan gálọ́ọ̀pù. Èyí tó ń san wàyí ńkọ́, ṣé ó máa di tirẹ̀ bó bá san án tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe líìsì. Wọ́n ní ó dáa, kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ejẹ́ǹtì wáàfù yẹn.